Iyọ̀ Inú Àpò Herberstein

Nínú Ogbègúndá, Ifá sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wá sí ìkọ̀lé ayé, tí wọ́n fẹ́ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, nìkan ló yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Kò mọ ohun tí yóò fi iyọ̀ ṣe, àmọ́ ó gbé e. Lọ́nà, ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i. Bàbá náà tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, òun ló sì mú un dé ilé Àjàlá.

Iyọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìgbésí ayé Sigmund von Herberstein. Ọdún 1486 ni wọ́n bí i ní Vipava, tó wà ní Slovenia lónìí. Ọmọ ọlọ́lá Jámánì ni, àmọ́ Slovene ni àwọn ará àdúgbò ń sọ, ọmọ náà sì gbọ́ ọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín nítorí èdè yìí. Kò jù ú nù.

Ó kàwé ní Vienna, ó wọṣẹ́ ológun, ó bá Venice jagun, Ọba Maximilian sì fi oyè dá a lọ́lá. Ní 1517, ọba rán an lọ sí Moscow, kó lọ bá Vasily Kẹta, ọba Moscow, àti ọba Poland parí ìjà. Ìlú Smolensk, tí Moscow gbà ní 1514, ni igi wọ́rọ́kọ́ tó da iná rú. Ọwọ́ òfo ló gbé padà. Ní 1526 ó tún lọ, wọ́n sì fẹnu kò láti dáwọ́ ìjà dúró fún ọdún mélòó kan.

Ìbátan ni èdè Slovene àti ti Rọ́ṣíà. Èdè tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ló fi ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tó ń bi wọ́n nípa ọ̀nà, odò, ìgbéyàwó àti ẹ̀sìn. Á bi ẹni yìí, á bi ẹlòmíràn, títí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi bára mu. Babaláwo tó mọṣẹ́ náà kì í dá Ifá kó dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Á dìbò, á tún bi Ifá. Àwọn babaláwo gbà pé kò sí èdè tí Ọ̀rúnmìlà kò gbọ́, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ìpín.

Ohun tó gbọ́ ló kọ sínú ìwé Látìnì tí wọ́n tẹ̀ ní Vienna ní 1549. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí Vasily bá ti bọ ikọ̀ ìjọ Róòmù lọ́wọ́, á fọ ọwọ́ ara rẹ̀. Abọ́ omi àti aṣọ ìnuwọ́ wà nítòsí rẹ̀. Ìwọ̀sí ni. Herberstein kì í sì í gba ìwọ̀sí tí wọ́n bá fi kan ọba rẹ̀: nígbà tí àwọn ará Moscow wá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sórí gàárì títí ẹsẹ̀ ará Moscow fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú abọ́ omi yẹn, sùúrù ló lò. Ó wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tún kọ nípa àsè ọba Moscow. Búrẹ́dì tí ọba bá fi ránṣẹ́ sí àlejò, ojúrere ni. Ó ní ìfẹ́ ni iyọ̀, kò sì sí ọlá tó ga ju kí ọba fi iyọ̀ orí tábìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ni.