Onídùúró fún Olóṣèlú



Nígbàkúùgbà tí àkókò ìdìbò bá ń súnmọ́ tòsí, àwọn kan wà láàrin wa tí oorun wọn kì í pọ̀. Kì í ṣe àwọn tí ń du ipò ni mo ní lọ́kàn, nítorí ohun tí àwọn wọ̀nyẹn ń wá kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni aládùúgbò wa tí ń ti ojúlé dé ojúlé lẹ́yìn tí ó bá ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dé. Ìyá tí ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ olùdíje nídìí àtẹ ní ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri, tí ń rán àwọn ará ilé létí pé kí wọ́n lọ gba káàdì ìdìbò, tí yóò sì dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di alẹ́ ní ọjọ́ ìbò gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba owó oṣù kankan. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìlú, tàbí ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú ẹnì kan, ni ó ń lé wọn jáde.

Ní ìdìbò ọdún 2023, ibùdó ìdìbò 176,846 ni àjọ elétò ìdìbò là sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, nínú wọ́ọ̀dù 8,809. Kò sí olùdíje fún ipò Ààrẹ tí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ gbogbo wọn. Ẹni tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ ni ó ń bá a dé ibẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí ìbò bá parí, tí a ká àsíá, tí òjò sì fọ àwòrán kúrò lára ògiri, kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ ní gbèsè, ta ni ó sì jẹ ẹ́?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni ó jẹ ẹ́. Ó ti sáré, ó ti ná owó ara rẹ̀, ó ti gba èébú. Ó tó kí ẹgbẹ́ rántí rẹ̀ pẹ̀lú ipò tàbí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba. Èmi kò sọ pé kò sí òtítọ́ rárá nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé gbèsè mìíràn wà tí ó ju èyí lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àṣà àwọn baba wa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, a máa mú onídùúró lọ. Olówó kò mọ ìwà ayáwó. Ojú onídùúró ni ó wò tí ó fi ṣí àpò. Bí ọjọ́ bá pé tí ayáwó kò san án, ẹnu ọ̀nà onídùúró ni olówó ń gbà. Ìbò pẹ̀lú jẹ́ ohun tí a fi ń yá ènìyàn: agbára wa ni a ń yá olùdíje fún ọdún mẹ́rin. A kò mọ̀ ọ́n. Kò wọ àdúgbò wa rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bá wa sìnkú, tí ó ń bá wa sọmọ lórúkọ, tí ó ń jókòó nítòsí wa nínú ilé Ọlọ́run, ni ó wí pé, “Ẹ dìbò fún un, mo mọ̀ ọ́n.” Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni ó sọ ọ́ di onídùúró.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, “Ìdájọ́ yìí le jù. Agbára wo ni èmi ní lórí gómìnà? Bí ó bá da ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣé èmi ni yóò fi owó ara mi la ọ̀nà?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n onídùúró àtijọ́ pàápàá kò ní agbára lórí ọwọ́ ayáwó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ la ọ̀nà. Ohun mẹ́ta péré ni a ń bèèrè lọ́wọ́ yín: kí ẹ wádìí ẹni tí ẹ ń dúró fún, kí ẹ padà lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìlérí bá pé, nítorí ẹ̀yin mọ ilẹ̀kùn náà, àwa kò mọ̀ ọ́n, bí ó bá sì kọ̀, kí ẹ sọ òtítọ́ fún wa, kí ẹ má sì tún dúró fún un mọ́.

Bí a bá gbà pé onídùúró ni òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́, a ó mọ irú ìlérí tí ó yẹ kí ó gbé kiri. Ìlérí tí a kò sọ iye rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́ tán. Àwọn àgbà kò gbàgbé bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí, ìjọba ti bù owó lé àwọn ènìyàn láti fi gbọ́ bùkátà náà, inú ọ̀pọ̀ kò sì dùn sí i. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, ni ó kó ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó yìí sì wà lára ohun tí a fi ṣe àlàyé rẹ̀. Ẹ rò ó wò bí yóò ti rí fún òṣìṣẹ́ Ọlọ́pẹ ní abúlé, tí ó ní láti dúró níwájú àgbẹ̀ kí ó sì wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, owó yóò jáde lápò yín, ṣùgbọ́n ọmọ yín yóò kàwé.” Wọ́n pàdánù ìbò. Síbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣí, àwọn ọmọ wọlé, nígbà tí ó sì di ọdún 1956 ẹgbẹ́ náà tún borí nínú ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ ẹkùn náà. Ẹni tí ó ti sọ òtítọ́ ní 1954 lè gba iwájú ilé ẹnikẹ́ni kọjá láìfi ojú pamọ́.

Ẹ wá fi èyí wé àṣà tí ó gbilẹ̀ ní ìgbà tiwa. Nínú ìdìbò gómìnà Èkìtì ní oṣù keje ọdún 2018, ọ̀rọ̀ kan di orin lẹ́nu tọmọdé tàgbà: “Dìbò kí o sebẹ̀.” Kì í ṣe Èkìtì nìkan ni a ti ń ṣe é. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó ti yó dìde láti bú ẹni tí ebi ń pa, nítorí owó tí ó tó se ìkòkò ọbẹ̀ kan kì í ṣe ohun kékeré lójú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pín owó náà, ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹni tí ó ti gba owó ọjà rẹ̀ kò lè tún padà wá bèèrè owó. Ìrẹsì tí ẹ pín ní òru ọjọ́ ìbò ni ó ń san gbèsè ọdún mẹ́rin tán lójú olóṣèlú: nígbà tí a bá bèèrè omi àti oògùn, yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ti rà wá, òun sì ti sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gba ẹ̀tọ́ ìbéèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ tí aṣojú ẹgbẹ́ gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ohun ìtìjú. Òṣìṣẹ́ yẹ fún oúnjẹ rẹ̀. Ríra ẹ̀rí-ọkàn ẹlòmíràn ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ọjọ́ ìbò náà ní ẹrù tirẹ̀. Nígbà tí a bá ka ìbò tán ní ibùdó, a ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé èsì, aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń fi ọwọ́ sí i, a sì ń fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ìfọwọ́sí yìí jẹ́ ẹ̀rí ní ojú òfin. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi, tí ó sì fi ọwọ́ sí iye tí ó jẹ́ òtítọ́, ti ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti ẹni tí ó fi irọ́ mú ẹgbẹ́ rẹ̀ borí. Ẹni tí ó bá sì gba owó láti fọwọ́ sí iye tí a kò kà, ó ti jẹ́rìí èké sí gbogbo ẹni tí ó tò ní ìlà lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jùlọ, èyíinì ni ẹ̀yìn ìbò. Kí ni kí a ṣe bí ó bá dá wa lójú pé wọ́n rẹ́ wa jẹ? Ìlú wa ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà búburú rí. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ NNDP ti Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni ó borí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì gbà pé òtítọ́ ni. “Wẹ́tìẹ” bẹ́ sílẹ̀: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé, sí ọkọ̀, àti sí ara ènìyàn, wọ́n sì ń dáná sun ún. Nínú oṣù kejìlá ọdún náà gan-an, bí Ìwọ̀-Oòrùn ti ń jó, ni Ìgbìmọ̀ Gbogbogbòò Ìjọ tí ó péjọ ní Fátíkàn ń yin àwọn tí wọ́n fi ara wọn jìn fún iṣẹ́ ìlú. Ẹ wo bí ìyìn náà ti jìnnà tó sí ohun tí ojú ń rí nílé! Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun fi ìbọn dojú ìjọba bolẹ̀.

A tún rí i ní ọdún 1983. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ti oṣù kẹjọ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ti ẹgbẹ́ NPN ni ó borí Olóyè Adékúnlé Ajáṣin ti ẹgbẹ́ UPN. Àkúrẹ́ gbaná, ilé jó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹ̀sùn náà, tí ó sì dá ipò padà fún Ajáṣin. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún kan náà, àwọn ológun tún gba ìjọba, ipò tí a tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn sì di òfo fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà. Kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè dá òkú padà.

Àwọn kan yóò wí pé bí a kò bá jà, a kò ní gbọ́ tiwa. Mo mọ̀ pé ìwà ìrẹ́jẹ a máa mú inú gbóná, mi ò sì sọ pé kí a pe irọ́ ní òtítọ́ nítorí àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa fi ọjọ́ 21 sílẹ̀ lẹ́yìn ìkéde èsì fún ẹni tí ó ní ẹ̀sùn láti pe ẹjọ́, ó sì pa á láṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò dá a láàrin ọjọ́ 180. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìwé èsì tí aṣojú fi òtítọ́ fọwọ́ sí, tí ó sì pa mọ́, jẹ́ ẹ̀rí. Eérú ilé aládùúgbò kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ sì tún kíyè sí i: olóṣèlú láti òkèèrè kò mọ ilé tí alátakò rẹ̀ ń gbé ní àdúgbò wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáná sun ilé náà yóò kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò fi í hàn án. Bí a bá wá bá yín, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kọ̀. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Bí ẹgbẹ́ yín bá sì borí, ìdánwò yín kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ ni ó fara da ìṣẹ́gun ju bí wọ́n ṣe fara da ìtìjú lọ, ṣùgbọ́n tí àdúgbò kò rí wọn mọ́. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn wa nígbà ogún ní àsìkò ìpolongo, ó yẹ kí ó lè kan ilẹ̀kùn ọlọ́lá lẹ́ẹ̀kan nítorí wa, kì í ṣe nítorí ipò ti ara rẹ̀ nìkan. Kí àwa tí a kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan má sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń bú gbogbo olóṣèlú kò mọ́ ju ẹni tí ó jáde lọ ṣiṣẹ́ lọ. Kò kàn fi ọwọ́ kan ohunkóhun ni.

Nítorí náà, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tí ó wà láàrin wa, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó kọ ìlérí olùdíje rẹ̀ sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó sì ka á sí etí àwọn ará àdúgbò kí ìbò tó dé. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi, kí ó lọ kí aládùúgbò rẹ̀ tí ó wà ní apá kejì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bí ó bá borí, kí ó tún ka ìwé náà sí etí àwọn ènìyàn kan náà lẹ́yìn ọdún kan. Bí ojú bá ń tì í láti ka á, ó ti mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó lọ kàn.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ojú láti wo ara wa lẹ́yìn ìbò. Àmín.