Ǹjẹ́ Ìrora Ni Ọ̀tá Wa?

Bí a bá pàdé ara wa lójú ọ̀nà ní òwúrọ̀, ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa ni pé, 'Ṣé ara le?' Ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: 'A dúpẹ́.' Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ lánàá a dúpẹ́. Ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa nítorí làkúrègbé a dúpẹ́ bákan náà. N kò sọ èyí láti fi bú àṣà wa, nítorí mo mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. A kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi wọlé. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé wa ní Ìdásẹ̀n, ní Ọ̀wọ̀, tí ó mú kí n máa bi ara mi léèrè pé: ta ni 'a dúpẹ́' yẹn ń ṣe láǹfààní, ta ni ó sì ń pa lára? Ìbéèrè yẹn ni ó bí èyí tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ mi.

Ọdún keje nìyí tí ìbàdí ti ń ro mí. Mo ti lo oògùn òyìnbó, mo ti mu àgbo, mo ti fi òrí àti àdín pa á títí gbogbo aṣọ mi fi ń rùn. Àwọn dókítà ya àwòrán egungun mi. Wọ́n ní kò sí èyí tí ó ṣẹ́, kò sì sí èyí tí ó yẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó ju wákàtí kan lọ nídìí ìwé mi, ńṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan dáná sí mi nínú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sọ fún mi pé ìwòsàn kan wà tí kò ní oògùn nínú, tí kò sì gba owó, kí ni ǹ bá ṣe bí kò ṣe kí n gbìyànjú rẹ̀?

Ìwòsàn náà ni fífi orí ìka lu ara. Ará Amẹ́ríkà kan, Roger Callahan, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ni ó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Ará Amẹ́ríkà mìíràn, Gary Craig, tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, sọ ọ́ di ohun tí olúkúlùkù lè ṣe fún ara rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ó ti dé Áfíríkà pẹ̀lú, nítorí pé ní ọdún 2006 wọ́n lo irú ti Callahan ní Rwanda fún àádọ́ta ọ̀dọ́ aláìlóbìí tí ẹ̀rù ìpakúpa ọdún 1994 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Ẹni tí ó ń jẹ ìrora yóò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà díwọ̀n rẹ̀, láti òdo dé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà yóò máa fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò sì máa wí pé bí òun tilẹ̀ ní ìrora yìí, òun gba ara òun bí òun ti rí. Láti ibẹ̀ yóò lu òkè ojú níbi tí irun ojú ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú, abẹ́ ojú, abẹ́ imú, àgbọ̀n, abẹ́ egungun tí ó wà láàárín ọrùn àti èjìká, ìhà lábẹ́ abíyá, àti àtàrí. Nígbà tí ó bá parí, yóò tún ìrora náà díwọ̀n.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí mo ní kì í ṣe ti ìka, ti ẹnu ni. Kí ọmọ Yorùbá jí ní ìdájí kí ó máa wí sókè pé, 'Mo ní ìrora, mo ní ìrora'! Aládùúgbò mi gbọ́ mi láti ojú fèrèsé, ó sì rò pé ọfọ̀ ni mò ń pè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ó mọ́ mi lára. Ìṣòro kejì ni ohun tí ara mi ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi a máa yán léraléra bí ẹni tí kò sùn ní ọjọ́ mẹ́ta. Omi a máa bọ́ lójú mi láìjẹ́ pé inú mi bàjẹ́. Nígbà mìíràn òòyì a kọ́ mi tí n ó fi di àga mú. Ìrora náà a sì ṣí kúrò ní ìbàdí lọ sí itan, láti itan lọ sí ojúgun, bí àlejò tí ń wá yàrá tí yóò sùn. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ara mi a máa rìn mí ṣìnṣìn bí ìgbà tí èèrà ń gun ènìyàn. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi. Ó dáhùn pé kí n má fòyà, pé ìrora ni ó ń jáde lọ.

Mo gbà á gbọ́. Ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ kò jìnnà. Láti kékeré ni a ti kọ́ wa pé oògùn tí kò korò kì í ṣe oògùn, pé egbò tí ń jinná a máa yún ni, pé ẹni tí ń wọ́ ọwọ́ tí ó rọ́ kò gbọdọ̀ wo ojú ọmọ tí ń ké. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi dáadáa. Bí ara bá tù mí, ìwòsàn náà ń ṣiṣẹ́. Bí ara bá ni mí, ó ń ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ wo ni ó lè wá ṣẹlẹ̀ tí a ó fi mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́? Ọ̀rọ̀ tí kò sí ọ̀nà tí ó fi lè já sí irọ́, a kò lè pè é ní òtítọ́ pẹ̀lú. Ìtùnú lásán ni. Mo rí èyí nísinsìnyí. N kò rí i nígbà náà, nítorí pé ìtùnú ni mo ń wá.

Èmi náà sì gbé ìtùnú yìí lọ fún ìyá mi. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn ún gidigidi. Nígbà tí mo lọ sí Ìdásẹ̀n fún ìsinmi, mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọ́ ọ bí a ti ń lu ara. Ó ní ìrora òun jẹ́ mẹ́jọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń pè é lórí fóònù láti Ìbàdàn. Ó di mẹ́fà. Ó di mẹ́rin. Ó di mẹ́ta. Ẹ wo bí inú mi ti dùn tó! Ní ọjọ́ kan ó wí pé, 'Àtẹ́lẹsẹ̀ ń rìn mí ṣìnṣìn, bí ẹni pé mo tẹ èèrà mọ́lẹ̀.' Mo dáhùn kíákíá pé, 'Ẹ má mikàn, Màmá. Ìwòsàn náà ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó ti ń ṣe èmi náà nìyẹn.' Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ó ní, 'Ẹsẹ̀ kò rìn mí mọ́ o. N kò mọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.' Mo ní, 'A dúpẹ́, Màmá.'

Ní àkókò ọyẹ́, ìyá mi jókòó ti àdògán ní àárọ̀ kùtùkùtù láti yáná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹyín iná, ó sì ké. Ìyá mi kò mọ̀. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni ó wà lára rẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa ba àwọn iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́, láti ẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ máa rìn ni ṣìnṣìn. Lẹ́yìn náà ibẹ̀ a kú. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kí egbò náà má baà ràn ká.

Mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Mo ní, 'Màmá, nígbà tí ẹ ń pe ti orúnkún ní mẹ́ta, ṣé mẹ́ta ni lóòótọ́?'

Ó wo òkè àjà. 'Mẹ́jọ ni.'

'Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?'

'Ohùn rẹ a máa dùn bí mo bá dín in kù. O ti ná owó fóònù. Ṣé kí n máa bà ọ́ nínú jẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi?'

Àwọn baba wa ní ìwà ọ̀wọ̀ ni a fi sọ ìlú wa ní Ọ̀wọ̀, nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ Ojúgbẹ̀lú, ẹni tí ó kó wa ti Ifẹ̀ wá. Mo ronú sí i lójú ọ̀nà bí mo ti ń darí lọ. Ọ̀wọ̀ ni ìyá mi fi pa ìrora rẹ̀ mọ́ fún ọmọ tí ó bí. Èmi tí ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún un ni mo gba ẹ̀rí ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fún un ní ìtumọ̀ tí ó wù mí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa. Bí ìrora bá jẹ́ ọ̀tá, a jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ìyá mi kú ni ọjọ́ ìṣẹ́gun. Àwọn adẹ́tẹ̀ ayé àtijọ́ náà ni yóò jẹ́ aṣẹ́gun. A máa ń rò pé ẹ̀tẹ̀ ni ó ń jẹ ọmọ ìka. Ṣùgbọ́n dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Paul Brand, tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1946, ṣàkíyèsí pé ìmọ̀lára ni àrùn náà ń pa. Ẹni tí ìkòkò gbígbóná kò dùn kò ní yára sọ ọ́ sílẹ̀. Àìmọ ìrora ni ó ń ba ìka jẹ́. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìrora sì ni fèrè tí a fi ń pè wá padà.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ pé ọ̀rẹ́ òtítọ́ ni ìrora. Ìrora ìbàdí tèmi dà bí aago tí ó ń ké pé iná ń jó nígbà tí a ti wo gbogbo ilé tí a kò rí iná. Ní ọdún 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall kọ́ni pé ohun kan bí ẹnu ọ̀nà wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, àti pé fífi ọwọ́ kan ara lè ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ ìrora díẹ̀. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí pẹ́ kí ìwé tó dé: bí ọmọ bá fi orí gbá ògiri, wọn a fi ọwọ́ ra á. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí lílu ara ran ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, Wendy Waite àti Mark Holder dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ 119 tí ẹ̀rù nǹkan kan ń bà. Àwọn kan lu ojú ibi tí a là sílẹ̀, àwọn kan lu apá lásán, àwọn mìíràn tilẹ̀ lu ọmọláńgidi. Ẹ̀rù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dín kù. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí ó bá wà, kò dájú pé ojú ibi tí a ń lù ni ó wà.

Ohun tí ó wá ṣòro jù ni èyí. Èèrà tí ń gun èmi lára àti èèrà tí ń gun ìyá mi lẹ́sẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí lára wa. Ìrora kan kì í wá pẹ̀lú ìwé tí a fi sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ ni ó lè sọ bí ó ti tó. A kò gbọdọ̀ bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á, òun fúnra rẹ̀ kò lè fi mímọ̀ lára nìkan mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí á wádìí. Àṣìṣe mi ni pé mo yí méjèèjì po. N kò wádìí ohun tí ó yẹ kí n wádìí, mo sì fi ìdùnnú ohùn mi bá ìyá mi jiyàn lórí ohun tí òun nìkan mọ̀.

Sùúrù ni baba ìwà, ìfaradà sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo lè fara da ìrora tèmi, kí á sì yìn mí. Ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìfaradà ẹlòmíràn ṣe ẹ̀bùn fún ara mi. Ẹni tí ó bá bi aláìsàn ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ ìdáhùn tí kò dùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kí i kí ó sì máa lọ. Àwọn àgbà ní à ń sunkún, à ń ríran. Ẹkún kò burú, ìtùnú kò burú. Kí á ṣáà má di ojú.

Mo ṣì ń lu ara mi ní ìdájí, nítorí pé ó máa ń tù mí díẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì le bíi ti àdín. Egbò ìyá mi ti jinná, ó sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, òun ni ó kọ́kọ́ bi mí léèrè.

'Ìbàdí rẹ ńkọ́?'

'A dúpẹ́' ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. 'Méje ni, Màmá.'

Ó dákẹ́ díẹ̀. 'Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Tèmi jẹ́ mẹ́fà. Mo sì ti wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi lówùúrọ̀ yìí, kò sí egbò níbẹ̀.'