Bí Òfin Bá Gbà Á, Ṣé Ilé Gbà Á?

Lẹ́yìn ìpàdé wa kan ni arábìnrin kan gbé ìbéèrè wá bá wa, a sì ṣèlérí pé inú ìwé yìí ni a ó ti dáhùn. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti ra ìbọn sílé. Láti ìgbà tí àwọn apànìyàn ti wọ ìjọ Kátólíìkì ti Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n pa ènìyàn bí 40, ni ọ̀rọ̀ náà kò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà òfin ni ó fẹ́ gbà. Ìyàwó wá ní, "Màmá, bí òfin bá gbà á, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Òfin ìbọn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 1959, ni a ṣì ń lò. Ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú. Ààrẹ nìkan ló lè fi àṣẹ sí i. Ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 10. Ìbọn ọdẹ tí a ń fọwọ́ ki ọta sí, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìwé rẹ̀ ti ń wá. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará oko kò tilẹ̀ kà á sí. Òfin kò fẹ́ kí a fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni òfin ń yẹ̀ wò, ìbọn kì í sì í bá ẹnì kan gbé.

Bàbá tó bí wa ní ṣakabùlà, wọ́n sì ní ìwé rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í mutí, ojú wọn sì mú. Yàrá ìyá wa ni wọ́n ń fi ẹ̀tù pamọ́ sí, kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà sùn pọ̀. Ní ọdún kan tí olè ń da abúlé wa láàmú, wọ́n ki ìbọn sílẹ̀ lóru. Àbúrò wa ọkùnrin pẹ́ lóde, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí wọ́n má baà nà án. Bàbá ti na ìbọn sí i kí ó tó wúkọ́. Ikọ́ yẹn ni ìyá wa dá mọ̀ tí wọ́n fi kígbe. Títí bàbá fi kú, wọn kò ki ìbọn nínú ilé mọ́.

A kò ní torí èyí pe ẹni tó gba ìwé àṣẹ ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Òfin Mósè pàápàá ya olè tó fọ́lé lóru sọ́tọ̀ sí èyí tí a pa lẹ́yìn tí oòrùn ti là. Idà wà lọ́wọ́ Pétérù náà nínú ọgbà. Olúwa ní kí ó dá a padà sínú àkọ̀, ṣùgbọ́n etí ìránṣẹ́ àlùfáà ti já ná.

Ohun tí a sọ fún arábìnrin wa ni pé kí ó béèrè ohun tí ọlọ́pàá kò ní béèrè. Níbo ni yóò máa sùn? Ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́? Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí baálé ńkọ́? Bí ọkàn ìyàwó kò bá balẹ̀, lójú tiwa, kí ọkọ jáwọ́, ìwé àṣẹ ìbáà ti jáde.

Ó ti bi í. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì.