Èèwọ̀ Kì Í Ṣe Ẹrù Ẹnì Kan



Ọ̀rọ̀ ọtí la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí sábà máa ń fẹ́ ṣe é ní kọ̀rọ̀: kó rúbọ lóru, kó pinnu láàárọ̀, kí aládùúgbò má gbọ́. Bí ẹ bá sọ fún un pé ìpàdé kan wà tí àwọn tí ọtí ń bá fínra ti ń jókòó sọ̀rọ̀, á ní, "Kí n lọ tú àṣírí ara mi fún àjèjì? Ó tì o." Ìbéèrè wa rèé: ṣé ìpinnu ẹnì kan ṣoṣo ni jíjáwọ́ nínú ọtí, àbí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká gba ìdí ìtàn Ọbàtálá wọ̀ ọ́. Olódùmarè gbé iṣẹ́ dídá ilẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gbé àpò, ó lọ ṣe iṣẹ́ náà n'Ífẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ Ọbàtálá. A ò torí ẹ̀ yé forí balẹ̀ fún un. Ẹ tún wò ó dáadáa: òun nìkan ló mu ún, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń pa èèwọ̀ náà mọ́. Gbogbo ọmọ Ọbàtálá ló ń bá a pa á mọ́ títí dòní. Bí agbè ẹmu bá ń yí agbo ká, ẹni tó ń bù ú mọ ẹni tó yẹ kó fò. Kò sẹ́ni tó máa rọ̀ ọ́ pé kó tọ́ díẹ̀ wò. Ibi tí èèwọ̀ ti yàtọ̀ sí ìpinnu nìyẹn: inú èèyàn ni ìpinnu ń gbé, àárín àwọn èèyàn ni èèwọ̀ ń gbé.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láti Aláúsá dé Ọ̀gbà àti Agége á mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ bọ́ síta láti ṣíftì òru, ara ti rẹ̀ yín. Alápárága ti pàtẹ sí ibùdókọ̀, ọtí ọ̀rá so rọ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù kejì ọdún 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin tó de ọtí ọ̀rá. Kò pẹ́ tí wọ́n tún sún un síwájú. Ẹni tó bá ń dúró kí ìjọba bá òun lé ọtí kúrò lójú títì á dúró pẹ́. Ìpinnu tó sì dá ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè, ta ló mọ̀ nípa ẹ̀ ní ibùdókọ̀ yẹn?

Ní ọdún 1935, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bill Wilson lọ ṣòwò ní ìlú Akron, l'Amẹ́ríkà. Òwò náà forí ṣánpọ́n, ọtí sì ń pè é. Kò wá ẹni mímọ́ lọ. Ẹni tí ọtí ń dà láàmú bíi tiẹ̀ ló ní kí wọ́n bá òun wá. Wọ́n mú un mọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ sọ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ìyẹn AA, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti dé Èkó níbí.

Àṣírí ńkọ́? Ìpàdé yẹn náà, awo ni. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi ń pe ara wọn, ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ níbẹ̀ kì í jáde. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wu èèyàn láti jáwọ́. Àwọn kan á ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣe é. Òótọ́ ni nígbà míì. Àmọ́ wọ́n fún kálukú láyè láti pe agbára tó ju òun lọ ní orúkọ tó mọ̀. Ẹ pe Olódùmarè, ẹ pe Orí yín. Àga téèyàn jókòó lé kì í yí ẹ̀sìn ẹni padà.

Ẹ má sì ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ọ̀sẹ̀ Ifá ń padà wá lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, a kì í sọ pé a ti ṣe é rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé.

Bí ẹ bá fẹ́ wá a, ẹ lọ bá àwọn tó ń rí sí ìlera ọpọlọ ní LASUTH, n'Ìkẹjà, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907. Ẹ bi wọ́n níbi tí àwọn tó ń jáwọ́ ti ń pàdé. AA tún ní àwọn ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí fóònù tó fún. Oníṣíftì lè mú èyí tó bá àkókò rẹ̀ mu. Ẹ pè kẹ́ ẹ tó lọ, torí ọjọ́ àti ibi máa ń yí. Ẹ gbọ́ èyí o: ẹni tó ti ń mu lójoojúmọ́ tipẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n tí kò bá tíì mu, kó má dá a dúró lójijì lóun nìkan. Ó lè fa gìrì, ó sì lè pani. Dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Ẹbọ ò ní ká má lọ sí ọsibítù.

Àwa babaláwo náà ní tiwa láti ṣe. Ọtí wà nínú ohun tí à ń fi bọ. Ọmọ awo tó bá sọ pé òun ò mu mọ́, ẹ má ní kó tọ́ ọ wò nítorí Ifá. Ẹ jẹ́ kó fi omi tútù ṣe tiẹ̀. Omi ò lọ́tàá. Bí ife bá yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fò ó bí ẹ ṣe ń fo ọmọ Ọbàtálá, kẹ́ ẹ sì máa bá ìtàkúrọ̀sọ yín lọ. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́.

Àbọrú àbọyè, àbọṣíṣẹ o.