Ìlú Ìsàlẹ̀ Òkun àti Ìlú Ojú Òfurufú

Ẹ̀yin olùkọ́, a fẹ́ bá yín sọ nípa ọ̀kan nínú àwọn eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù. BioShock ni orúkọ rẹ̀. Ó jáde ní 2007; èkejì tẹ̀ lé e ní 2010, ẹ̀kẹta, BioShock Infinite, ní 2013. Ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú wọn, kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi lé ọmọdé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ronú sí ìtàn ilé ìṣọ́ Bábélì yóò rí ohun tí ó mọ̀ níbẹ̀.

Nínú ìtàn èkíní, ọlọ́rọ̀ kan, Andrew Ryan, tí ó ti sá kúrò ní Rọ́ṣíà nítorí àwọn Bolshevik, kọ́ ìlú kan sí ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, ó sì pè é ní Rapture. Níbẹ̀, ó ní, kò sí ìjọba tàbí àlùfáà tí yóò gba èrè iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí. Àgbẹ̀ tí a ti fi agbára gba ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó wá di ọ̀gá, a kò sì tíì rí agbo ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ jẹ́ baálé. Ọ̀pọ̀ di aláìní, wọn kò sì lè padà sókè, nítorí Ryan ti ti ilẹ̀kùn. Alárékérekè kan, Frank Fontaine, rí ebi wọn, ó sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún wọn, kì í ṣe nítorí àánú, bí kò ṣe kí ó lè fi wọ́n ṣe ọmọ ogun.

Fontaine yìí náà ni ó ń ṣe fàyàwọ́ láti òkè wá, Bíbélì sì wà nínú ẹrù rẹ̀. Ryan dájọ́ ikú fún àwọn onífàyàwọ́. Ẹ wo olùdásílẹ̀ ìlú òmìnira! Nígbà tí ó sì rò pé Fontaine ti kú, ó fi agbára gba ilé-iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe ohun náà gan-an tí ó tìtorí rẹ̀ sá kúrò ní Rọ́ṣíà. Ní alẹ́ tí ó parí ọdún 1958, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà.

Sophia Lamb, inú èkejì, yí ẹ̀kọ́ Ryan dojú dé: kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé “tèmi” mọ́. Síbẹ̀ ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó fẹ́ fi ṣe ohun èlò.

Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jù, nítorí ó gba ẹnu ọ̀nà ìjọ kọjá. Columbia jẹ́ ìlú tí ń léfòó lójú òfurufú ní 1912. Comstock, tí ó pe ara rẹ̀ ní wòlíì, ni olórí rẹ̀. Wọ́n ń gbàdúrà sí ère Washington, Jefferson àti Franklin níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó sì ń ru ẹrù ìlú. Àlejò kò lè wọlé láìṣe ìrìbọmi.

Ta ni Comstock? Ní 1890, ní Wounded Knee ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun pa àwọn ènìyàn ẹ̀yà Lakota, tọkùnrin, tobìnrin, tọmọdé. Òótọ́ ni èyí. Nínú ìtàn náà, jagunjagun kan, Booker DeWitt, ti ibẹ̀ wá sí etí omi kí a lè rì í bọmi. Ní ọ̀nà kan, ó yí padà, ó sì ń gbé ẹ̀bi rẹ̀ kiri nínú ọtí àti tẹ́tẹ́. Ní ọ̀nà kejì, ó wọ inú omi, ó sì jáde pẹ̀lú orúkọ tuntun: Comstock. Ó kọ́ gbọ̀ngàn ńlá láti fi ìpànìyàn náà yangàn.

Àwọn kan yóò wí pé ẹlẹ́gàn ìsìn ni ó kọ irú ìtàn báyìí. A kò rò bẹ́ẹ̀. Omi kò ṣẹ̀. Orúkọ tuntun ni ọkùnrin náà ń wá, kò wá ojú àwọn tí ó ṣẹ̀. Kò tọ ọmọ Lakota kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kíláàsì ìsàmì, bí ẹnìkan bá ka katikísímù láìṣì, ẹ tún bi í léèrè ẹni tí ó jẹ ní gbèsè, àti ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì parí ìjà.

Ní òpin eré náà, etí omi kan náà ni a mú Booker padà sí, ọmọbìnrin rẹ̀, Elizabeth, sì tẹ̀ ẹ́ rì, kí Comstock má baà ti inú rẹ̀ jáde. Bí àwọn àgbà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ti ṣe eré náà dé ibẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀nà mìíràn ṣì wà fún ọkùnrin náà, kí ẹ sì fún wọn láyè láti dáhùn.