Àlejò Ni À Ń Gbálẹ̀ Fún, àbí Onílé?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ènìyàn bá ń retí àlejò, tí ó gbá iwájú ilé, tí ó wá kó pàǹtí pamọ́ sẹ́yìn ilé, ṣé ìmọ́tótó ni à ń pe ìyẹn, àbí ẹ̀tàn?

Ohun tí ó fa ìbéèrè mi rèé. Wọ́n pe àpérò ńlá kan sí hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí ibi iṣẹ́ mi ní Èkó. Àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ fikùnlukùn lórí bí ìlú ńlá ṣe lè máa gbòòrò láìba ilẹ̀ àti omi jẹ́ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ lé òun lọ. Nígbà tí ó ku ọ̀la, wọ́n kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, wọ́n kun etí títì ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì lé gbogbo àwọn tí ń tajà létí ọ̀nà. Ìyá ẹlẹ́kọ tí mo máa ń ra oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú wọn. Mo bá a níbi tí ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá."

Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe?"

Mo ní wọ́n fẹ́ tún ìlú ṣe ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìlú wo? Ṣé èmi ò sí nínú ìlú ọ̀hún ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ inú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kejì. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò wúlò. Ìlú a máa kọ́gbọ́n lára ìlú. Ní ọdún 1974 ni Curitiba ní Brazil ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì èrò. Bogotá ní Kòlóńbíà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2000. Nígbà tí ó di 2008, Èkó náà là á láti Máìlì 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jẹ àǹfààní rẹ̀.

Èkó kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba àlejò. Torí àwọn àlejò FESTAC ti ọdún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town. Àlejò lọ, onílé kó sí i, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Ẹ ò rí i pé àlejò lè mú wa ṣe ohun tí ó yẹ kí a ti ṣe tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí Màrókò. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun fi katakata wó o palẹ̀, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, omi ń yalé, ẹ̀gbin pọ̀. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn olówó wá kọ́lé sí lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni àìsàn náà wà, èwo ni ti lílé àwọn tí ń gbé orí rẹ̀? Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ wá wo Medellín, ní Kòlóńbíà kan náà. Orí òkè ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ìlú náà ń gbé. Ní ọdún 2004, wọ́n ta okùn irin gòkè, wọ́n so ọkọ̀ kéékèèké mọ́ ọn, kí àwọn ará òkè lè máa fi í sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọdún 2014 ni àpérò àgbáyé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìlú tó wá wáyé níbẹ̀. Onílé ni wọ́n kọ́kọ́ gbálẹ̀ fún. Àlejò kàn wá bá ilé tí ó mọ́ ni. Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣé kí a wá fi títì sílẹ̀ fún ẹlẹ́kọ ni?" Rárá o. Èmi fúnra mi ti rí ìyá yìí tí ó da ewé sínú gọ́tà. Òun náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dí gọ́tà mọ ohun tí ó jẹ́ kí ó dí i: kò sí ibi tí yóò da ewé sí. Bí ẹ bá lé e, ọ̀rọ̀ gọ́tà ṣì ń bẹ nílẹ̀. Bí ẹ bá pè é jókòó, bóyá ẹ óò gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé kò mọ̀.

Ibi tí ó ń dùn mí rèé: nígbà tí wọ́n ní ẹni tí ó bá ní ìbéèrè kí ó nawọ́, n kò nawọ́. Mo wo ojú ọ̀gá mi, mo dákẹ́, mo sì jẹ ìrẹsì wọn.

Lọ́jọ́ kẹta tí àlejò lọ, Ìyá ẹlẹ́kọ ti padà sí àyè rẹ̀. Bí ó ti ń bu ẹ̀kọ fún mi, ó ní, "Wọ́n tilẹ̀ dárúkọ wa níbẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin tí ẹ óò jókòó sí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.