Ọgbọ́n Ẹni Tí A Ń Lépa

Bíbélì kíkà: Òwe 30:24-28

Olùfẹ́, ìjàkadì ni a fi mọ Ọ̀fà láti ayé àwọn baba wa. Nítorí náà, ó lè ṣòro fún ọmọ Ọ̀fà láti gbà pé ẹni tí kò jà kì í ṣe ojo. Ṣùgbọ́n ṣé ìjà nìkan ni ẹni tí a gbógun tì lè fi gba ara rẹ̀ là? Nínú ibi tí a kà, ẹ̀dá tí kò lágbára fi àpáta ṣe ilé. Wo àwọn ti igbó wa náà.

Ọ̀yà kò lè bá ajá jà. Bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á sá wọ inú koríko tàbí kí ó bẹ́ sómi, nítorí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Sísá yẹn kì í ṣe ìtìjú. Òun ni ó fi ń yè.

Òòrẹ̀ ní ẹ̀gún, síbẹ̀ kì í lé ẹnikẹ́ni kiri. Àwọn kan ní ó máa ń ta ẹ̀gún bí ọfà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹkùn bá dé, á kọ́kọ́ na ẹ̀gún sókè, á fẹsẹ̀ kilẹ̀, á mi ìrù kí ó máa dún. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa ń kìlọ̀ kí o tó fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn?

Akíka kò ní eyín rárá. Bí ewu bá dé, á ká bí bọ́ọ̀lù, ìpẹ́ rẹ̀ á sì bò ó, débi pé kìnnìún pàápàá sábà máa ń jẹ ẹ́ tì. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kan náà ni ó ń pa á lọ́wọ́ ènìyàn: ọdẹ á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé e sápò. Òfin àgbáyé ka òwò akíka léèwọ̀ láti ọdún 2017; síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn aláṣẹ Singapore gba ìpẹ́ rẹ̀ tí ó ju tọ́ọ̀nù 25 lọ nínú kọ̀nténà méjì tí ó ti Nàìjíríà wá.

Ọ̀tá kò rí bákan náà. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ aláriwo àdúgbò lè fi ọ́ lé ẹni tí ń lù ọ́ nínú ilé lọ́wọ́, tàbí ọ̀gá tí ń fipá mú ọ fọwọ́ sí ìwé èké. Níbẹ̀, má ṣe ká jọ bí akíka. Kìlọ̀ bí òòrẹ̀. Bí kò bá gbọ́, sá tọ ẹni tí ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ, bí ọ̀yà ṣe ń sá tọ omi. Ẹ̀mí rẹ ṣọ̀wọ́n lójú Ọlọ́run.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà sísá, ìgbà ìkìlọ̀ àti ìgbà ìdákẹ́jẹ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ohun ṣíṣe lónìí: Bí o bá mọ ẹnìkan tí ó ń jìyà ní ìdákẹ́jẹ́, lọ bẹ̀ ẹ́ wò.